Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Nínú Iṣẹ́ Àgbẹ̀: Ohun Tí Ìjọba Lè San àti Èyí Tó Kù Sọ́wọ́ Ẹ̀yin Ọ̀gá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ni a mú wá lónìí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni iṣẹ́ àgbẹ̀ ń wá ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí ènìyàn kò ti rí ààyè sá aṣọ. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé mélòó kan lọ wò. Yóò rí táǹkì sìmẹ́ǹtì tí ẹja àrọ̀ ń yí nínú rẹ̀, yóò rí tàpólì tí wọ́n fi igi gbé dúró tí omi kún inú rẹ̀, yóò rí àgò adìẹ tí wọ́n tò léra. Kí ó tún gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí ìhà Festac àti Ọ̀jọ́, yóò rí tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí àwọn tó ń gbìn wọ́n ń gbé agolo omi káàkiri láti ìdájí. Oníbàárà kò jìnnà sí wa. Èèrí àlìkámà tí a ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran náà kò jìnnà, nítorí láti 1962 ni Flour Mills ti ń lọ àlìkámà ní Àpápá. Àní, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹja yìnyín wọ̀lú, iwájú wa níbí ló ti ń já a sílẹ̀, síbẹ̀ ìyá tó ń se ọbẹ̀ ata kò fẹ́ ẹja yìnyín fún ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹja tó ṣì ń ta pútúpútú ló fẹ́.

Ohun tí kò tó ni ẹni tó mọ iṣẹ́ náà délẹ̀. Kò sí oṣù tí ọ̀dọ́ kan kì í bi mí pé, “Ọ̀gá, níbo ni ìjọba ti ń kọ́ni ní ọ̀sìn ẹja?” Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òmíràn ṣáájú rẹ̀: ta ni yóò gbà mí sọ́dọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ìdáhùn wà lọ́wọ́ yín.

Ìjọba ti dán an wò tipẹ́

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn ọmọ tó ń jáde ìwé mẹ́fà ń rọ́ wá sí ìlú ńlá láti wá iṣẹ́ akọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá àwọn abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ láti 1959, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí fáàmù sẹ́tìmẹ́ǹtì. Olóyè Akin Deko ni mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà, Ísírẹ́lì ni wọ́n sì ti wo àpẹẹrẹ rẹ̀. Akufọ̀ wà lára wọn, Ìlọra wà níbẹ̀, ti Ìkòròdú náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà ní iléèwé àgbẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n kọ́lé fún wọn, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ àti owó ìgbọ́bùkátà tí wọn yóò máa ná títí irè oko yóò fi jáde.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí irè tó so. Àwọn ọmọ náà ka owó ìgbọ́bùkátà sí owó oṣù, wọ́n sì ka ara wọn sí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní èrò tèmi, ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n kó jọ sójú kan, tí gbogbo wọn jẹ́ alákọ̀ọ́kọ́ṣe. Bí ewé bá ń pọ́n lára igi, ta ni wọn yóò bi? Olùkọ́ ti padà sí iléèwé. Àgbàlagbà tó ti gbin kòkó fún ọgbọ̀n ọdún wà ní abúlé kejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó wá.

Ní November 1986 ni ìjọba àpapọ̀ dá NDE sílẹ̀. Òun ló gbé ètò ìkọ́ṣẹ́ jáde tí wọ́n fi ń fa ọ̀dọ́ lé télọ̀, káfíńtà àti mẹkáníìkì lọ́wọ́. Wọ́n ń fún ọmọ ní owó díẹ̀, wọ́n sì ń fún ọ̀gá náà ní díẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ọ̀gá náà ń gba nǹkan. NDE ní ètò tirẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe àgbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ Èkó wa níbí, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ AGRIC-YES ní Àràgà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń rán wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n tó fún wọn láàyè tiwọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni N-Power dé ní 2016. Ó gba àwọn tó jáde yunifásítì àti pólì sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, ó ń san ₦30,000 fún wọn lóṣù, ó sì ní kí wọ́n lọ máa gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn. Èyí dojú kọ ìdàkejì: ẹni tí kò tíì gbin nǹkan rí ni a rán láti kọ́ ẹni tó ti ń gbìn. Ní October 2023 ni ìjọba dá N-Power dúró.

Èyí tó sún mọ́ ohun tí mò ń wí jù ni LIFE-ND, tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ IFAD jọ gbé kalẹ̀ láti 2019 ní ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án. Oǹdó nìkan ló wà níbẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ Yorùbá. Èkó kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe kíláàsì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ tàbí olùsìn ẹja tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yàn, wọ́n ń kó ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, tí wọ́n bá sì parí, wọ́n ń fún wọn ní ohun èlò láti fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ẹ tún wo Àjàṣẹ́ tó wà ní tòsí wa, ní Benin. Fàdá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá Songhai sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1985 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan péré. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, inú oko ni wọ́n ti ń kọ́ ọ: ìgbẹ́ adìẹ di gáàsì ìdáná, ìdin di oúnjẹ ẹja, omi ẹja bọ́ sórí ẹ̀fọ́. Ọwọ́ wọn kì í mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó mọ́.

Amẹ́ríkà pàápàá, tí ẹ̀rọ kún oko wọn, òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn ti 2008 ya owó sọ́tọ̀ fún kíkọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Owó náà kì í bọ́ tààrà sọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́; ẹgbẹ́ àti iléèwé tó ń kọ́ni ni wọ́n ń fún. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi èyí sọ́kàn.

Ohun tí kíláàsì kò lè kọ́ni

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹja àrọ̀ ṣe àlàyé, nítorí òun ló wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa. Bí ọmọ ẹja bá wọ táǹkì nígbà tó gùn tó ìka ọwọ́, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni yóò fi tó kílò kan, bí a bá bọ́ ọ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà àkọ́kọ́, òmíràn yóò máa yára dàgbà ju èkejì rẹ̀ lọ, èyí tó tóbi yóò sì máa gbé kékeré mì. Nítorí náà a ń ṣà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, a kì í sì í bọ́ wọn lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ṣà wọ́n. Ọmọ tí kò bá tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á rí yóò ka 500 sínú táǹkì, yóò kó 280 jáde, yóò sì ní àwọn ará ilé ló jí i.

Ọ̀ràn omi tún wà. Bí ẹ bá dé ìdí táǹkì láàárọ̀ tí ẹ bá ẹja tó nàró bí ọ̀pá, tó gbé ẹnu sókè, omi ti bàjẹ́. Bí omi bá ń rùn bí ìtọ̀, àjẹkù oúnjẹ ti rà sísàlẹ̀, ẹni tó ń bọ́ wọn ti ń dà á jù. Omi kànga ní Ajégúnlẹ̀ lè ní iyọ̀, ó lè pọ́n bí ìpẹtà irin, ṣálángá kì í sì í jìnnà sí i. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀ ní láti sùn síta di ọjọ́ kejì kó tó kan ẹja. Ọ̀gá tó gbọ́n yóò kọ́kọ́ ju ọmọ ẹja mẹ́wàá sínú omi tuntun, yóò ṣọ́ wọn fún ọjọ́ méjì, kó tó da ìyókù sí i. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi pátákó kọ́ni ní òórùn.

Oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó. Pẹ̀lú oúnjẹ gidi tó ń léfòó, kílò 1 sí 1.2 ni ẹja ń jẹ kó tó fi kílò 1 kún ara. Ẹja 400 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kílò kan yóò jẹ kílò 400 sí 480. Báàgì oníkílò 15 ni wọ́n ń tà, ìyẹn báàgì 27 sí 32. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta báàgì ní ìsọ̀ yín sọ ọ́ di ìlọ́po, kí ẹ wo ohun tí ọmọ tí kò mọ ìwọ̀n lè fi ṣòfò láàárín oṣù kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tó ń gbé ètò olóṣù mẹ́fà wá jiyàn. Fún ẹja, oṣù mẹ́fà kò tó. Ìkórè ẹyọ kan ni ọmọ yóò rí, yóò sì dúró lẹ́yìn ọ̀gá wò ó. Ọdún kan ló yẹ: ìkórè àkọ́kọ́, kó máa wò, ìkejì, kó máa ṣe é, kí ọ̀gá sì máa wò ó. Ti ẹ̀fọ́ yàtọ̀, nítorí tẹ̀tẹ̀ ń tó tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, oṣù mẹ́fà sì lè kọ́ ọmọ tó bá fọkàn sí i ní ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ fi ilẹ̀ tí kò yẹ hàn án. Ibi tí wọ́n ti ń da omi bátìrì ọkọ̀ nù, tàbí ibi tí epo ọkọ̀ ti rin ilẹ̀, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Òjé a máa wọ inú ewé, fífọ̀ kò sì lè mú un kúrò.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀gá

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ láàárín ara yín. Ẹ ń sọ pé, “Bí mo bá kọ́ ọ tán, kò ní gba oníbàárà mi lọ́wọ́ mi?” Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé oúnjẹ kan ń fẹ́ ẹja kílò 100 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní táǹkì kan tó ń gba ẹja 400, tó ń kórè lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni yóò fi fún un, ẹja tán. Oníbàárà kò ní dúró dè é fún oṣù márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ márùn-ún tó ti gba fírídọ́ọ̀mù bá pín oṣù láàárín ara wọn, tí ọ̀kan da ọmọ ẹja sómi ní January, èkejì ní February, títí tó fi yí ká, ẹja 400 yóò máa jáde lóṣooṣù, kílò tó sún mọ́ 100 yóò sì máa délé oúnjẹ lọ́sẹ̀. Wọn yóò tún jọ ra oúnjẹ ẹja lọ́pọ̀, owó rẹ̀ yóò sì dínkù. Ọ̀gá tó bá lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dànù ti lé ọjà tirẹ̀ náà lọ.

Ìpín tiwa náà kò ṣàì ní ẹ̀bi, èmi tí mò ń kọ èyí wà níbẹ̀. Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n kó òròmọdìẹ wá fún àwọn ọ̀dọ́ tó parí ẹ̀kọ́, ní oṣù keje, òjò ń rọ̀, ilé adìẹ kò sì tíì ní òrùlé. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń to páálí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí púpọ̀ nínú wọn fi kú. Nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ náà kò fọkàn sí iṣẹ́, èmi náà sì buwọ́ lù ú. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan, ń ta ike omi báyìí. Bó bá rí mi, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi. Láti ìgbà náà ni n kò ti gbà pé kí wọ́n gbé ohun èlò fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ọ̀gá kan ti lọ wo ibi tí yóò kó o sí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀fà àti ọmọ iṣẹ́. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ dípò èlé owó tí wọ́n yá; kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìmọ̀. Ọmọ iṣẹ́, a jẹ ẹ́ ní gbèsè ìmọ̀. Bí ọmọ bá fi oṣù mẹ́ta pọn omi, tó fọ ọkọ̀ ọ̀gá, tó gbé ọmọ lọ síléèwé, tí kò tíì fọwọ́ kan àwọ̀n, ìwọ̀fà ni ẹ gbà, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Bí owó ìjọba bá wọ ọ̀rọ̀ náà, èyí tún burú sí i, nítorí wọ́n ti sanwó ìmọ̀ tí ẹ kò fún un.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n kọ iye oṣù tí iṣẹ́ náà yóò gbà, àti ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè dá ṣe kó tó lọ: kó lè ṣa ẹja, kó lè mọ omi tó bàjẹ́, kó lè ṣírò oúnjẹ, kó lè tà á kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí wọ́n kọ ẹni tí yóò bọ́ ọ ní ọ̀sán àti ẹni tó ń san owó mọ́tò. Ohun kékeré lèyí dà bí, ṣùgbọ́n owó mọ́tò ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ìyà lọ. Kí òbí tàbí onídùúró buwọ́ lù ú. Bí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, kí ẹgbẹ́ wá ọ̀gá tó jẹ́ obìnrin fún un bó bá ṣeé ṣe, tàbí kí wọ́n rí i pé kò sí ní òun nìkan pẹ̀lú ọ̀gá ní òru. Ẹ má fi ojú kéré àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, tó ń tà á ní ọjà Boundary. Ọ̀gá ni wọ́n nínú iṣẹ́ tiwọn, ó sì yẹ kí àwọn náà gba ọmọ iṣẹ́.

Mo tún dábàá ohun kan tí àwọn kan ti ń ṣe láìsí ìjọba nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹrin, ẹ fún ọmọ náà ní igun kan nínú ọgbà, pẹ̀lú ẹja 50 tó jẹ́ tirẹ̀. Oúnjẹ wọn kò ní ju báàgì 4 lọ títí wọn yóò fi tó tà. Ẹ kọ ọ́ sí i lọ́rùn bíi gbèsè, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú owó ẹja náà lọ́jọ́ tó bá tà á. Ẹ ó rí bí yóò ṣe máa jí láàárọ̀.

Ní ti owó ìjọba, ohun tí mo máa ń bá àwọn ọ̀gá mi sọ ni pé kí wọ́n pín owó ọ̀gá sí méjì: ìdajì nígbà tó gba ọmọ, ìdajì nígbà tí ọmọ náà bá ti ta ẹja tirẹ̀. Owó ìgbọ́bùkátà ọmọ, kó mọ ní owó mọ́tò àti oúnjẹ, kó má pọ̀ débi tí ẹni tí kò fẹ́ iṣẹ́ yóò fi wá. Èyí tó le jù ni ibi tí ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kò sí ilẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, kí a má tan ara wa. Ìjọba ní ààyè fún ẹja ní Ìkòròdú, ó ní ti ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní òpópónà Ojo Road kò ní lè gbé Ẹ̀pẹ́. Fún irú wọn, kí ẹgbẹ́ ya táǹkì tí ẹnìkan kò lò mọ́, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì máa háyà rẹ̀ fún wọn lówó pọ́ọ́kú fún ọdún àkọ́kọ́.

Orúkọ ètò ìjọba yóò máa yí padà bí ìjọba bá ti ń yí padà. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kì í sábà yí padà: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, àkáǹtì báńkì tó ní ju ẹni kan lọ tó ń buwọ́ lù ú, ìwé ìpàdé, àti ìṣirò owó tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ní ìpàdé oṣù yìí, ẹ yan ọ̀gá méjì tàbí mẹ́ta tó lè gba ọmọ, ẹ ka táǹkì àti àgò tí ẹ ní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un tọ òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, Àpápá tàbí Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn. Àwọn ni yóò gbé e dé Oko Ọba ní Agége. Ìṣirò owó ọdún tó kọjá ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rí mú wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá tiyín láti òní.